Baixa, àárín ìlú àtijọ́ Lisbon: ìbéèrè àti ìdáhùn fún ẹni tó fẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn ín

Kí ni Baixa, ibo ló ti bẹ̀rẹ̀, ibo ló parí sí?

Pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó wà láàárín òkè méjì ní Lisbon, olú-ìlú Pọ́túgàl, ni wọ́n ń pè ní Baixa. "Ìsàlẹ̀" ni orúkọ náà túmọ̀ sí. Ẹ pè é ní "Báíṣà": x tiwọn ni ṣ tiwa, ch wọn náà sì ni ṣ, torí náà "Ṣiádù" ni Chiado, àdúgbò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí ẹ ó máa rí nínú ìwé yìí. Odò Tejo àti gbàgede Praça do Comércio ni ààlà rẹ̀ ní gúúsù, gbàgede Rossio àti ti Praça da Figueira ni ààlà rẹ̀ ní àríwá. Bí ẹ bá kẹ́yìn sí odò, Chiado àti àwókù ilé ìjọsìn Carmo wà lókè ní ọwọ́ òsì, ilé odi São Jorge wà lókè ní ọwọ́ ọ̀tún. Láti etí odò dé Rossio jẹ́ ìrìn bí ìṣẹ́jú 10 fún ẹni tí kò bá dúró wo nǹkan kan.

Kí ló dé tí àwọn òpópónà rẹ̀ fi gún régé báyìí, nígbà tí àwọn àdúgbò tó yí i ká kún fún kọ́lọkọ̀lọ?

Nítorí pé lẹ́ẹ̀kan náà ni wọ́n fa ìlà gbogbo rẹ̀. Ní nǹkan bí aago 9:40 àárọ̀ ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 1755, ilẹ̀ mì tìtì ní Lisbon. Àjọ̀dún Gbogbo Ènìyàn Mímọ́ ni ọjọ́ náà, èrò kún ṣọ́ọ̀ṣì, àbẹ́là ń jó lórí pẹpẹ. Ilé wó lulẹ̀, iná àbẹ́là àti iná ààrò ràn mọ́ igi, àwọn tó sá lọ sí etí odò sì bá omi òkun tó ru wọlé pàdé níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni iná fi jó. Ààfin ọba tó wà létí odò lọ sí i, ilé eré ńlá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí lọ́dún yẹn gan-an lọ sí i.

Mínísítà Ọba José I, ẹni tí a wá mọ̀ sí Marquês de Pombal, kò gbà kí oníkálukú padà sórí àwókù ilé rẹ̀. Ó gbé iṣẹ́ náà fún àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ológun: Manuel da Maia, Eugénio dos Santos àti Carlos Mardel. Wọ́n la òpópónà gbọọrọ, wọ́n ní kí ilé dọ́gba, kí fèrèsé bára mu. Àmọ́ inú ògiri ni iṣẹ́ gidi wà. Wọ́n kan igi pọ̀ bí àgò, wọ́n fi òmíràn dábùú ara wọn bíi lẹ́tà X, wọ́n wá fi òkúta dí àlàfo rẹ̀. Gaiola ni wọ́n ń pe àgò yìí. Bí ilẹ̀ bá mì, igi á fì, á tẹ̀, kò ní jẹ́ kí ilé wó lé èèyàn lórí lójijì. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé wọ́n kan àpẹẹrẹ kan, wọ́n sì ní kí àwọn sọ́jà máa fẹsẹ̀ kilẹ̀ yí i ká láti fi dán an wò.

Ilẹ̀ Baixa rọ̀ fún omi, torí náà òpó igi páìnì ni wọ́n gún mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó gbé ìpìlẹ̀ lé e. Ohun tó ń dá igi yẹn sí títí dòní ni omi tó bò ó. Bí omi bá fà, tí afẹ́fẹ́ sì kàn án, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Ìdí nìyẹn tí kì í ṣe gbogbo ẹni tó ra ilé níbẹ̀ ni wọ́n máa ń jẹ́ kó gbẹ́ ihò ìgbọ́kọ̀sí sí abẹ́ rẹ̀ bó ṣe wù ú.

Kí ni àwọn orúkọ òpópónà ń sọ fún wa?

Wọ́n ń sọ ẹni tó yẹ kó máa tajà níbẹ̀. Ní ọdún 1760, àṣẹ ọba yan òpópónà fún iṣẹ́ ọwọ́ kọ̀ọ̀kan. Láti ìwọ̀-oòrùn, ẹ ó kọ́kọ́ bá Rua do Ouro, òpópónà wúrà, tí àkọlé ara ògiri ń pè ní Rua Áurea. Rua dos Sapateiros ló tẹ̀ lé e, ti àwọn oníbàtà. Lẹ́yìn náà ni Rua Augusta, ti ọlá ọba, tó tóbi jù; Rua dos Correeiros, ti àwọn tó ń fi awọ ṣe gàárì àti ìjánu; Rua da Prata, ti fàdákà; Rua dos Douradores, ti àwọn tó ń fi wúrà pa igi lára; kó tó wá kan Rua dos Fanqueiros, ti àwọn aláṣọ.

Àwọn òpópónà tó dábùú ìwọ̀nyí ló ní orúkọ ẹni mímọ́ àti ti ẹ̀sìn: Santa Justa, Assunção, Vitória, São Nicolau, Conceição, São Julião. Bí ẹ bá sọnù, ẹ wo ara ògiri. Bí orúkọ náà bá jẹ́ ti iṣẹ́, odò wà ní ìkángun rẹ̀ kan, Rossio tàbí Figueira wà ní ìkángun kejì. Bí ó bá jẹ́ ti ẹni mímọ́, òkè ni ẹ ó kọ lù bí ẹ bá ń lọ tààrà.

Iṣẹ́ àtijọ́ kò parẹ́ tán. Àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ṣì wà ní Rua do Ouro, àwọn aláṣọ ṣì wà ní Fanqueiros. Èyí tí àwọn àlejò kì í mọ̀ ni Rua da Conceição, níbi tí àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké ti ń ta bọ́tìnnì, léèsì etí aṣọ, òwú àti rìbọ́ọ̀nù. Àpótí kéékèèké kún ògiri wọn dé òkè àjà, wọ́n sì rán bọ́tìnnì kan mọ́ iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan kí olùtajà lè mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ń ránṣọ, ẹ mú aṣọ tí bọ́tìnnì rẹ̀ já lọ síbẹ̀. Wọn kì í ka bọ́tìnnì kan ṣoṣo sí ọjà tí kò tó nǹkan.

Báwo ni a ṣe máa dé ibẹ̀ láti pápákọ̀ òfurufú?

Ẹ wọ métrò, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, lórí ìlà pupa ní pápákọ̀, ẹ sọ̀ ní Alameda, kí ẹ bọ́ sí ìlà aláwọ̀ ewé tó ń lọ sí Cais do Sodré. Rossio tàbí Baixa-Chiado ni ẹ ó ti sọ̀. Yúrò 0.50 ni káàdì navegante, èyí tí ẹ ó fi wọ métrò, fúnra rẹ̀, ẹ ó wá fi owó sínú rẹ̀. Káàdì kan kò lè sin èèyàn méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Oníkálukú gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti máa ń há sí ẹnu géètì.

Ibo ló yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti etí odò, kì í ṣe láti Rossio bí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe. Ibi tí wọ́n ti kọjú ìlú sí ni etí odò. Ẹ̀yìnkùlé ni ẹni tó bá gba Rossio wọlé ti ń wò ó.

Ẹ sọ̀ ní ibùdó métrò Terreiro do Paço, lórí ìlà búlúù, kí ẹ lọ sí Cais das Colunas, àtẹ̀gùn òkúta tó sọ̀ kalẹ̀ sínú omi láàárín òpó méjì. Bí omi bá fà, ọ̀pọ̀ àtẹ̀gùn á yọ. Bí ó bá kún, á bò wọ́n. Ẹ má ṣe tẹ èyí tí ewédò ti mú kó ní àwọ̀ ewé. Ó ń yọ̀ bí ọṣẹ.

Ẹ wá yíjú padà. Ilé aláwọ̀ òféèfèé ló yí gbàgede náà ká ní apá mẹ́ta, odò ló ṣe ìkẹrin. Praça do Comércio ni orúkọ rẹ̀ lórí máàpù, ṣùgbọ́n Terreiro do Paço, àgbàlá ààfin, ni ará Lisbon ṣì ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti 1755 ni ààfin ti lọ. Ère idẹ Ọba José I lórí ẹṣin wà láàárín, iṣẹ́ Machado de Castro, tí wọ́n ṣí lójú ní 1775. Ẹ wo abẹ́ pátákò ẹṣin náà dáadáa: ejò ló ń tẹ̀. Ní igun gbàgede tó kọjú sí Rua do Arsenal ni wọ́n ti yìnbọn pa Ọba Carlos àti ọmọ rẹ̀ Luís Filipe ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 1908. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ìjọba ọba dópin. Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè ilé ìjọba ìlú, ní Praça do Município tí kò jìnnà, ni wọ́n ti kéde ìjọba olómìnira ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá ọdún 1910.

Kí ẹ tó wọ Rua Augusta, ẹ gun orí ẹnu-ọ̀nà ńlá tó dúró níbẹ̀, Arco da Rua Augusta. Ọ̀pọ̀ ló máa ń yí i ká tí wọn kò rí ọ̀nà: ilẹ̀kùn kékeré ni, inú Rua Augusta ló wà, kì í ṣe ojú gbàgede. Ẹ̀rọ agbéniròkè á gbé yín dé ibì kan, ẹ ó wá fi ẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn tóóró tó ń lọ́ yípo. Ẹni tí àyè há-há máa ń kó láyà jẹ kó mọ̀ kó tó san owó. Lókè ni ẹ ó ti rí iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ológun yẹn bí ìgbà tí èèyàn tẹ́ ẹní: òpópónà gbọọrọ, òrùlé tó dọ́gba, òkè méjèèjì tó gbá a mú.

Bí ẹ bá sọ̀, ẹ má rin Rua Augusta láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ilé ìtajà tí ẹ lè rí ní ìlú èyíkéyìí ní Yúróòpù ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ rìn ín dé Rua da Conceição, ẹ ṣẹ́ sí ọ̀tún dé Rua dos Fanqueiros, ẹ gba ibẹ̀ gòkè sí Praça da Figueira, kí ẹ kọjá sí Rossio. Wákàtí 3 tó fún èyí bí ẹ kò bá wọ mùsíọ́mù kankan. Bí ẹ bá fẹ́ gun Carmo àti Chiado, ẹ fi odindi ọjọ́ kan sílẹ̀.

Ṣé ó yẹ kí a tò láti wọ ẹ̀rọ agbéniròkè Santa Justa?

Rárá o, àfi bí ìlà bá kúrú. Ẹ̀rọ náà dára lójú: irin ni, mítà 45 ni gíga rẹ̀, ọdún 1902 ni wọ́n ṣí i, Raoul Mesnier du Ponsard ló yàwòrán rẹ̀, èéfín omi gbígbóná ló sì kọ́kọ́ ń gbé e kí iná mànàmáná tó dé. Ṣùgbọ́n èèyàn lè tò lórí ìlà fún wákàtí kan nítorí ìrìn tí kò tó ìṣẹ́jú méjì. Ìsàlẹ̀ ni ẹ ti lè rí ẹwà irin rẹ̀ jù, láti Rua de Santa Justa, láìsan kọ́bọ̀.

Ọgbọ́n tí àwọn ará ibẹ̀ ń dá ni èyí: ẹ wọ ibùdó métrò Baixa-Chiado láti Rua do Crucifixo. Àtẹ̀gùn tó ń rìn fúnra rẹ̀ á gbé yín gòkè nínú ilẹ̀ títí dé Largo do Chiado, ẹ kò sì ní kọjá géètì tíkẹ́ẹ̀tì kankan. Láti ibẹ̀, ìrìn díẹ̀ ló kù sí Largo do Carmo, níbi tí afárá orí Santa Justa ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ti àwọn ọkọ̀ kéékèèké tí wáyà ń fà gòkè: ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ti Glória nítòsí gbàgede Restauradores já, ó sì pa èèyàn 16. Wọ́n dá àwọn irú rẹ̀ yòókù dúró fún àyẹ̀wò. Ẹ wo ojú ìwé Carris, ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó wọn, ní ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ jáde, kí ẹ tó gbọ́kàn lé ìkankan.

Kí ló wà ní Carmo àti Chiado?

Nuno Álvares Pereira, ọ̀gágun, ló dá ilé ìjọsìn Carmo sílẹ̀ ní 1389. Ìmìtìtì ilẹ̀ 1755 ká òrùlé rẹ̀ kúrò, wọn kò sì dá a padà. Eegun òkúta rẹ̀ ṣì dúró, ojú ọ̀run ni àjà rẹ̀. Láti 1864 ni mùsíọ́mù àwọn awalẹ̀pìtàn ti wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ Àìkú ló máa ń tì, nígbà tí ọ̀pọ̀ mùsíọ́mù mìíràn ń tì lọ́jọ́ Ajé, torí náà ó dára fún ọjọ́ Ajé. Gbàgede iwájú rẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun Captain Salgueiro Maia ti yí bárékè tí Marcelo Caetano, olórí ìjọba, sá sí ká ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin ọdún 1974, tí ìjọba apàṣẹwàá fi ṣubú.

Ilé ìtàwé Bertrand wà ní Rua Garrett. Ọdún 1732 ni wọ́n dá a sílẹ̀, 1773 ló sì dé ojúkò tó wà yìí. Ìwé àkọsílẹ̀ Guinness kọ ọ́ sílẹ̀ bí ilé ìtàwé tó pẹ́ jù lágbàáyé tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ilé kọfí A Brasileira, ti 1905, kò jìnnà síbẹ̀, pẹ̀lú ère idẹ akéwì Fernando Pessoa tó jókòó níwájú rẹ̀. Àga kan tí wọ́n fi idẹ ṣe wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo ayé ti ń ya fọ́tò.

Bí àwọn ilé Rua do Carmo bá rí titun lójú yín, iná ló fà á. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 1988, ilé ìtajà Grandella gbiná, ilé 18 ló sì bá a lọ. Àwọn ohun tí wọ́n ti kọ́ sójú ọ̀nà láti fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ fún àwọn ẹlẹ́sẹ̀ dí ọkọ̀ panápaná lọ́wọ́. Álvaro Siza Vieira ni wọ́n gbé àtúnkọ́ rẹ̀ fún. Ó dá ojú ilé padà bó ṣe wà, ó tún inú rẹ̀ ṣe.

Ilé ìtajà àtijọ́ wo ló yẹ kí a wọ̀ ní tòótọ́?

Ẹ máa wo àmì Lojas com História, tí ìjọba ìlú ń fún àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ti pẹ́. Bí ẹ bá ní àyè fún ẹyọ kan, ẹ lọ sí Luvaria Ulisses ní Rua do Carmo, tó ń ta ìbọ̀wọ́ awọ láti 1925. Ṣọ́ọ̀bù náà kéré débi pé èèyàn méjì ló máa kún un. Àwọn yòókù á dúró síta. Olùtajà á wo ọwọ́ yín, á sọ iye rẹ̀ láìwọ̀n ọ́n. Á gbé tìmùtìmù kékeré sórí káńtà, á ní kí ẹ gbé ìgúnpá lé e, kí ẹ na ìka sókè. Á fi ẹ̀mú igi ya ìka ìbọ̀wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, á bu páúdà díẹ̀ sínú rẹ̀, á wá fà á wọ̀ yín lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀ títí awọ á fi lẹ̀ mọ́ ara. Ẹ má ràn án lọ́wọ́. Ibi tí èèyàn bá ti ń fi ipá fà á ni ojú rírán ti ń ya.

Chapelaria Azevedo Rua ń ta fìlà ní Rossio láti 1886. Confeitaria Nacional, ti 1829, wà ní Praça da Figueira fún ẹni tó fẹ́ràn nǹkan dídùn. Conserveira de Lisboa, ti 1930, ń ta ẹja inú agolo ní Rua dos Bacalhoeiros, wọ́n sì ń fi bébà àti okùn di í lójú yín. Ẹ rántí pé agolo tí òróró wà nínú rẹ̀ lè dá yín dúró níbi àyẹ̀wò báàgì àfọwọ́fà. Inú àpótí tí ẹ ó fún ọkọ̀ òfurufú ni kó wà.

Mo fẹ́ ra wúrà ní Rua do Ouro. Kí ni kí n wò?

Ẹ wo kárátì kí ẹ tó wo ẹwà. Wúrà ìbílẹ̀ Pọ́túgàl jẹ́ kárátì 19.2, ìyẹn wúrà gidi 800 nínú ìdá 1000. Ó wà láàárín 18, tó jẹ́ 750, àti 22. Bí wọ́n bá fi iye owó ọ̀kan wé èkejì fún yín, ẹ rí i pé kárátì kan náà ni wọ́n ń sọ. Òǹtẹ̀ Contrastaria, ọ́fíìsì ìjọba tó ń yẹ wúrà wò, gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀. Ó kéré gan-an, torí náà ẹ ní kí wọ́n fún yín ní awò. Iṣẹ́ wáyà wúrà tí wọ́n ń hun bí òwú, filigrana, àríwá orílẹ̀-èdè ló ti ń wá. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà fún àlejò jẹ́ fàdákà tí wọ́n fi wúrà bò. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀ bí iye rẹ̀ bá jẹ́ ti fàdákà.

Ṣé a lè ná ọjà?

Kì í ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù. Iye tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ni wọn yóò gbà. Ọjà Feira da Ladra, tó ń wáyé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Àbámẹ́ta ní Campo de Santa Clara, lẹ́yìn ilé odi, ni ẹ ti lè ná an dáadáa.

Ìkìlọ̀ kan nípa ọjà náà: ẹ má ra táìlì àtijọ́ tí kò ní ìwé. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n yọ lára ògiri ilé olówó ilé lóru. Bí ẹ bá rí sìmẹ́ńtì tàbí ẹfun tútù lẹ́yìn rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Fábrica Sant'Anna, tó ti wà láti 1741, ṣì ń fi ọwọ́ kun tuntun, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì wà ní Rua do Alecrim, nítòsí Chiado.

Ṣé a lè gba owó-orí ọjà padà?

Bẹ́ẹ̀ ni, bí ilé yín kò bá sí ní orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù, tí ohun tí ẹ rà sì ju yúrò 50 lọ láìka owó-orí. Ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún ni owó-orí tó wọ́pọ̀, torí náà ẹ wò ó bíi yúrò 61.50 lórí rìsíìtì. Ẹ ṣe é báyìí:

1. Ẹ fi pásípọ́ọ̀tù hàn kí ẹ tó sanwó, ẹ sì ní Tax Free lẹ fẹ́. Rìsíìtì lásán kò tó.
2. Ẹ má lo ọjà náà, kí ẹ má sì já àkọlé rẹ̀.
3. Ní pápákọ̀, ẹ kọ́kọ́ lọ sí ẹ̀rọ e-Taxfree KÍ Ẹ TÓ fi àpótí sílẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ní kí ẹ lọ bá kọ́sítọ́ọ̀mù, wọ́n lè ní kí ẹ mú ọjà náà jáde. Ẹni tí àpótí rẹ̀ ti wọ ọkọ̀ kò ní nǹkan tó máa fi hàn.
4. Lẹ́yìn èyí ni ẹ ó lọ gba owó.

Kì í ṣe gbogbo owó-orí ló máa padà. Ilé iṣẹ́ tó ń dá a padà á yọ tirẹ̀. Ẹ tún rántí pé owó-orí ti wà nínú iye tí ẹ san: nínú yúrò 123, 23 ni owó-orí.

Kí ni Rossio fi ṣe pàtàkì?

Wọ́n fi òkúta dúdú àti funfun to ilẹ̀ rẹ̀ bí ìgbì òkun, iṣẹ́ tó parí ní nǹkan bí 1849, tí ọwọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n sì wà nínú rẹ̀. Ẹ dúró láàárín rẹ̀, ẹ wo iwájú: ojú yín á ní ilẹ̀ náà ń fì, bẹ́ẹ̀ ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ilé eré D. Maria II, ti 1846, dúró ní àríwá rẹ̀, lórí ilẹ̀ tí Inquisition, ilé ẹjọ́ tí ìjọ Kátólíìkì fi ń dá àwọn tí wọ́n kà sí aládàámọ̀ lẹ́jọ́, wà tẹ́lẹ̀. Ibùdó ọkọ̀ ojú irin tí ilẹ̀kùn rẹ̀ dà bí pátákò ẹṣin méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Níbẹ̀ lẹ ó ti wọkọ̀ lọ sí Sintra.

Rua da Betesga ló so Rossio mọ́ Praça da Figueira, ó sì kúrú débi pé ẹ lè kọjá rẹ̀ láìmọ̀. Bí ará Lisbon bá rí ẹni tó ń gbìyànjú ohun tí kò lè ṣeé ṣe, wọ́n á ní ó fẹ́ ki Rossio bọ inú Betesga.

Ṣùgbọ́n Largo de São Domingos, lẹ́yìn ilé eré náà, ni àwa máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n má fò. Iná jó ilé ìjọsìn rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 1959. Nígbà tí wọ́n tún un ṣí ní 1994, wọ́n fi àwọn òpó òkúta sílẹ̀ bí iná ṣe bó wọn; ẹ lè rí ibi tí ooru ti lá òkúta wọlé. Ní ìta, òkúta ìrántí wà fún àwọn Júù tí wọ́n fipá sọ di Kristẹni, tí àwọn jàǹdùkú pa ní oṣù Kẹrin ọdún 1506. Kí ìmìtìtì ilẹ̀ tó dé rárá ni ẹgbẹ́ Rosary ti àwọn Kristẹni aláwọ̀ dúdú ti ń pàdé ní São Domingos, títí dòní sì ni àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, pàápàá àwọn ọmọ Guinea-Bissau, ṣì ń kóra jọ sí gbàgede náà. Ẹ kí wọn, ẹ gba àyè kí ẹ tó ya fọ́tò ẹnikẹ́ni.

Wọ́n ní ìlú mìíràn wà lábẹ́ Baixa. Ṣé a lè wọ ibẹ̀?

Ó ṣeé wọ̀ níbi mẹ́ta.

Núcleo Arqueológico wà lábẹ́ ilé báńkì kan ní Rua dos Correeiros. Nígbà tí wọ́n ń tún ilé náà ṣe nínú àwọn ọdún 1990 ni wọ́n bá agbada òkúta tí àwọn ará Róòmù fi ń fi iyọ̀ sin ẹja. Àwọn òpó igi páìnì tí a sọ lókè, ibẹ̀ ni ẹ ti lè fojú rí wọn. Ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n amọ̀nà ló ń múni wọlé, torí náà ẹ forúkọ sílẹ̀ ṣáájú.

Museu do Dinheiro, mùsíọ́mù owó ti báńkì àpapọ̀, wà nínú ilé ìjọsìn São Julião àtijọ́. Ọ̀fẹ́ ni òun náà. Ògiri odi tí Ọba Dinis mọ wà ní abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. Kì í ṣí lọ́jọ́ Ajé àti Ìṣẹ́gun.

Ìkẹta ló ṣòro jù: Galerias Romanas, ihò òkúta tí àwọn ará Róòmù kọ́ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì sẹ́yìn, tí wọ́n rí ní 1771 nígbà àtúnkọ́ ìlú. Omi ló kún inú rẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣí i, wọ́n á fa omi náà jáde, wọ́n á ṣí ọmọrí kan láàárín Rua da Conceição, lójú irin tráàmù (ọkọ̀ ìgboro tó ń rìn lórí irin) gan-an, àwọn èèyàn á wá máa gba àtẹ̀gùn sọ̀ kalẹ̀. Ọjọ́ mélòó kan péré ni nínú oṣù Kẹrin àti oṣù Kẹsàn-án, tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì máa ń tán kíá lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wọ bàtà tí kò ní ṣe yín ní nǹkan bí ó bá rin omi.

Bàtà wo ló dára?

Èyí tó ní rọ́bà lábẹ́. Ẹsẹ̀ àwọn èèyàn ti dán òkúta funfun tí wọ́n fi to ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, òjò díẹ̀ sì ti tó láti sọ ọ́ di yìnyín. Gìgísẹ̀ tóóró á há sáàárín òkúta.

Ṣé jáguda pọ̀?

Inú tráàmù 28 ni iṣẹ́ wọn ti ń yá jù, ní àkókò tí èrò ń wọlé tí wọ́n ń jáde. Ẹ gbé báàgì sí iwájú, kí fóònù má sì sí nínú àpò ẹ̀yìn. Ẹ wọ̀ ọ́ láàárọ̀ kùtùkùtù, tàbí kí ẹ wọ̀ ọ́ láti ibùdó ìparí ọ̀nà rẹ̀ ní Campo de Ourique kí ẹ lè rí ìjókòó.

Ní Rua Augusta, àwọn ọkùnrin kan lè sún mọ́ yín kí wọ́n sọ orúkọ oògùn olóró sí yín létí. Ewé lásán tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ ní "não" (rárá), kí ẹ máa lọ. Bí ẹ bá dúró bá wọn jiyàn ni wọ́n á tẹ̀ lé yín. Bí wọ́n bá jí nǹkan yín, àgọ́ ọlọ́pàá fún àwọn arìnrìn-àjò wà ní Palácio Foz, Praça dos Restauradores. Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ wọn fún ìnṣọ́ránsì. 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì.

Wọ́n gbé búrẹ́dì àti ólífì síwájú wa láìbéèrè, wọ́n sì gba owó rẹ̀. Ṣé ó tọ́?

Couvert ni wọ́n ń pè é, kì í ṣe ọ̀fẹ́. Òfin Pọ́túgàl sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ gba owó ohun tí oníbàárà kò béèrè, tí kò sì fọwọ́ kàn. Bí ẹ kò bá fẹ́ ẹ, ẹ ní kí wọ́n gbé e kúrò kí ẹnikẹ́ni tó bu ẹyọ kan jẹ. Tí ọmọdé bá wà lórí tábìlì, ẹ yára sọ ọ́.

Bí àríyànjiyàn bá wà lórí owó, ní ilé oúnjẹ tàbí ní ṣọ́ọ̀bù èyíkéyìí, ẹ béèrè Livro de Reclamações. Ìwé ẹ̀sùn ni. Òfin ní kí gbogbo ibi tí wọ́n ti ń tajà fún aráàlú ní in, kí wọ́n sì gbé e fún ẹni tó bá béèrè rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ lè fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́. Ẹ kọ ọjọ́, aago, iye owó àti ohun tó ṣẹlẹ̀ láìbú ẹnikẹ́ni, kí ẹ sì gba ẹ̀dà tiyín. Bí wọ́n bá ní àwọn kò ní ìwé náà, tàbí ọ̀gá tó ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò sí nílé, ẹ ní ẹ fẹ́ pe ọlọ́pàá. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń tún owó náà kà kí ẹ tó tẹ nọ́ńbà tán.